Epo pupa kì í ṣe oògùn kẹrosíìnì, rìsíìtì náà kì í ṣe ọ́síjìn

1/ Ẹ jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí gùn. Inú ń bí mi lónìí, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà bá mi bínú. Bí ọmọ kékeré bá mu kẹrosíìnì lọ́dọ̀ wa, nǹkan méjì ló sábà máa ń dúró dè é: epo pupa nílé, tábìlì kaṣíà lọ́sibítù. Méjèèjì ló lè pa ọmọ. Mi ò ní bá ọ̀kan jà kí n dá ìkejì sí.

2/ Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé "ta ló ṣì ń lo kẹrosíìnì láyé gáàsì yìí?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ta gáàsì. Ẹ lọ wo ilé oníyàrá mẹ́wàá tí gbogbo ayálégbé ń dáná lọ́dẹ̀dẹ̀. Ẹ wo irú ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni, tàbí ike omi. Kẹrosíìnì mọ́ lójú bí omi. Ọmọ ọdún méjì tí òùngbẹ ń gbẹ kò mọ̀wé. Ohun tó mọ̀ ni pé nǹkan dídùn ló máa ń wà nínú irú ìgò yẹn. Ta ló kọ́ ọ? Ṣebí àwa náà ni.

3/ Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí kẹrosíìnì ṣe ń pa ọmọ, torí ibí yìí gan-an la ti ń ṣìnà. Ọ̀pọ̀ rò pé inú ikùn ló ti ń ṣọṣẹ́, bíi májèlé inú fíìmù. Rárá o. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́ jù. Kẹrosíìnì fúyẹ́, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́, kì í pẹ́ tàn ká. Bí ọmọ bá ń mu ún tó sì wúkọ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ lè yà sí ọ̀nà èémí. Bó bá wá bì í, èyí tó ti lọ jókòó jẹ́jẹ́ síkùn á tún gba ọ̀fun kọjá lẹ́ẹ̀kejì, á tún rí àyè míì yà sí ẹ̀dọ̀fóró.

4/ Kí wá ni epo pupa ń ṣe? Ó ń mú ọmọ bì. Ohun tí wọ́n sì fẹ́ nìyẹn: "jẹ́ kó bì í jáde." Ẹ rí i báyìí? Ọ̀nà tí ewu ń gbà wọlé gan-an la ń ṣí sílẹ̀ fún un. Yàtọ̀ síyẹn, epo pupa fúnra rẹ̀ lè wọ ẹ̀dọ̀fóró, epo tó bá sì dé ibẹ̀ kì í kúrò bọ̀rọ̀. Mílíìkì tí wọ́n ń dà sí ọmọ lẹ́nu tipátipá, omi iyọ̀, ìka tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ lọ́fun, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn.

5/ "Àwọn ìyá wa lò ó, a ò kú." Mo ti ka gbólóhùn yìí lábẹ́ póòsìtì mi tó ìgbà tí mi ò lè kà mọ́. Ẹ gbọ́ ná. Ẹni tó kú kò ní fóònù tó máa fi wá kọ kọ́mẹ́ǹtì. Ẹ̀yin tí ẹ yè lẹ ń sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mu ìwọ̀nba kẹrosíìnì máa ń yè pẹ̀lú epo pupa tàbí láìsí epo pupa, epo wá ń gba ọpẹ́ iṣẹ́ tí kò ṣe. Èyí tó bá sì kú, wọ́n á ní àsìkò rẹ̀ ló tó, tàbí pé ayé ló ṣe é. Ẹnikẹ́ni kì í bi epo léèrè.

6/ Ohun tó yẹ ká ṣe kò le rárá.
Má mú ọmọ bì. Má fún un ní ohunkóhun mu.
Bọ́ aṣọ tí kẹrosíìnì dà sí, fi ọṣẹ àti omi fọ ara rẹ̀.
Gbé e lọ sọ́sibítù, mú ìgò náà dání.
Kódà bó bá ń rẹ́rìn-ín, gbé e lọ. Ìmí ọmọ lè má yí padà títí wákàtí díẹ̀ á fi kọjá, ìdí nìyẹn tí àwọn dọ́kítà fi máa ń ní kó dúró lójú àwọn fún ó kéré tán wákàtí 6. Bó bá ń wúkọ́, tó ń mí fìnfìn, tó ń kérora, tí ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, tàbí tí oorun àìnídìí ń kùn ún, ẹ sáré.

7/ Sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ tún burú jùyẹn lọ. Àwọn ìyá kan ń pò ó sínú kọ́ọ̀bù ike, wọ́n á gbé e sílẹ̀ títí di àárọ̀. Sódà yìí ń jó ẹran ara. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó jó o lọ, bó bá bì í, ó tún jó o bọ̀. Ọmọ tó yè nínú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé oúnjẹ ò lọ mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí ojú ọgbẹ́ ti fún ọ̀nà ọ̀fun pa. Àwọn míì á máa gba oúnjẹ láti ojú ihò tí dọ́kítà dá sí ikùn wọn, wọ́n á máa lọ síbi iṣẹ́ abẹ láti ìgbà dé ìgbà. Ọmọ ọdún mẹ́ta o! Nítorí kọ́ọ̀bù tí a kò gbé sókè.

8/ Òtápíápíá àti Sniper ńkọ́? Èyí tiẹ̀ tún ní tirẹ̀. Itọ́ á máa dà lẹ́nu ọmọ, á máa làágùn, ẹyinjú dúdú rẹ̀ á sún kì bí orí abẹ́rẹ́, á máa bì, á máa ṣu, ìmí rẹ̀ á le. Oògùn tó ń ṣẹ́gun rẹ̀ wà, atropine lorúkọ rẹ̀, ọsibítù ló wà. Kò sí nínú epo, kò sí nínú àgbo, kò sí nínú orógbó. Gbogbo ìṣẹ́jú tí ẹ fi ń wá epo kiri, ìṣẹ́jú tí ẹ jí lọ́wọ́ ọmọ ni. Ní 2019 NAFDAC ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré Sniper nígboro mọ́. Ẹ lọ sọ́jà tó wà nítòsí yín kí ẹ wò ó bóyá wọ́n gbọ́.

9/ Ó kan gìrì. Mo mọ̀ pé ibí lẹ ti máa bá mi jà, ẹ bọ́ṣọ yín kalẹ̀ ká jọ jà á. Gìrì kì í ṣe ẹ̀mí àìrí. Ibà tó ga lè fà á fún ọmọ tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún. Ibà ẹ̀fọn tó wọ ọpọlọ lè fà á. Ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ lè fà á. Ìdí tó fi yẹ kí dọ́kítà wò ó nìyẹn, kó mọ èwo ni. Iná tí ẹ ń fi ọmọ lẹ́sẹ̀ sí kò mọ èwo ni. Ata tí ẹ ń tẹ̀ sí i lójú kò mọ̀. Ṣíbí tí ẹ fi ń tú eyín rẹ̀ kò mọ̀ rárá.

10/ Àgbo tútù ńkọ́? Ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, ááyù, àlùbọ́sà, efinrin, ọsàn wẹ́wẹ́. Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ti ń kọ̀wé nípa ewu rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970. Ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó ń mú kí ọpọlọ àti ìmí rẹlẹ̀. Tábà inú rẹ̀ nìkan tó májèlé fún ọmọ ìkókó. Torí náà, ọmọ tí ibà ń ṣe délé ìwòsàn pẹ̀lú ìjàǹbá méjì: èyí tó gbé wá, àtèyí tí a fi dá a lóhùn. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, àmọ́ àwa tún lọ ra ètè wá fi pa làpálàpá.

11/ Bí gìrì bá mú ọmọ: gbé e sílẹ̀, yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Má dì í mú pinpin. Wo aago. Kí ẹnìkan lọ wá mọ́tò tàbí ọ̀kadà lẹ́yẹ-ò-sọkà, torí gìrì tó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ nílò oògùn tí yóò dá a dúró. Àníyàn ìyá-àgbà dára, àmọ́ ká ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀.

12/ Iná tàbí omi gbígbóná: omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn, tó tutù níwọ̀nba, fún ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe yìnyín. Kì í ṣe ẹyin adìẹ, kì í ṣe ògì, kì í ṣe òyìn, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Bí kò bá sí omi ẹ̀rọ, ẹ máa da omi inú kẹ́ẹ̀gì sí i díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ó di ọsibítù.

13/ Ẹ̀pà há ọmọ lọ́fun, kò lè sunkún, kò lè wúkọ́, ètè rẹ̀ ń dúdú. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan: dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí itan rẹ, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀, gbá a láàárín èjìká lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, dá a délẹ̀, fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Tún un ṣe. Ọmọ tó ju ọdún kan lọ: gbá ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí o wá dì í láti ẹ̀yìn, tẹ òkè ìdodo rẹ̀ wọnú sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Má ki ìka wá ohun tí ojú rẹ kò rí. Ọmọ tí kò tíì pé márùn-ún ò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀pà odidi, ẹ jọ̀ọ́.

14/ Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ṣe kọ́ńtẹ́ǹtì, ẹ dúró síbẹ̀. Mo rí yín. Èyí tó fi ọṣẹ ìfọyín kun ojú iná tó gba láìkì rẹpẹtẹ. Èyí tó ń fi ohùn didùn sọ pé "àṣírí àwọn bàbá ńlá wa, dọ́kítà ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀." Àwa la ní etí àwọn ìyá tuntun báyìí. Ìyá ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún kò ní pe ìyá rẹ̀ àkọ́kọ́ mọ́, fóònù ló máa tẹ̀. Ohun tó bá rí níbẹ̀ ló máa ṣe. Bí o bá póòsìtì irọ́ nípa ìpara, ojú ló máa yún èèyàn. Bí o bá póòsìtì irọ́ nípa ọmọ tó mu májèlé, pósí kékeré ló ń bẹ níbẹ̀.

15/ Ẹ má sì pè mí ní ọmọ tó gba ti òyìnbó. Mi ò sọ pé ohun tó bá ti wá láti ilé oògùn ló dára. Láàárín 2008 sí 2009, omi oògùn eyín tó ń jẹ́ My Pikin pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà, torí kẹ́míkà olóró kan, diethylene glycol, wà nínú rẹ̀. Ìgò rẹ̀ rẹwà, ó ní lébẹ́ẹ̀lì. Ìbéèrè mi kì í ṣe "ta ló ni ín, àwa àbí òyìnbó?" Ìbéèrè mi ni "kí ló ń ṣe nínú ara ọmọ?" Kí ẹ bi epo pupa bẹ́ẹ̀, kí ẹ bi àgbo tútù bẹ́ẹ̀, kí ẹ bi síróòpù bẹ́ẹ̀.

16/ Ó yá. Ẹ̀yin ọsibítù, ẹ̀yin ló kàn. Ẹ má rò pé mo gbàgbé yín.
Ìdí kan wà tí àwọn ìyá fi ń kọ́kọ́ sáré sí epo pupa. Epo pupa kì í béèrè dìpọ́síìtì. Epo pupa kì í sọ pé "bẹ́ẹ̀dì ò sí." Epo pupa wà nílé láago méjì òru.

17/ Lọ́dún tó kọjá, ọmọ alájọgbélé wa mu kẹrosíìnì. Èmi àti ìyá rẹ̀ la gbé e lọ. Ọmọ ń mí bí ẹni tó sáré wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní ká lọ gba káàdì. A gba káàdì. Wọ́n ní ká san dìpọ́síìtì. Mo ṣe tìráńsífà láti orí fóònù mi, owó kúrò lọ́wọ́ mi, kaṣíà ní àláàtì ò tíì wọlé. Mo fi rìsíìtì hàn án lójú fóònù. Ó ní "ẹ jókòó ná, ẹ jẹ́ ká dúró de báǹkì." Ogójì ìṣẹ́jú. Ọ́síjìn wà nínú yàrá tí ojú mi ń wò láti ibi tí mo dúró sí! Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá ló rí imú ọmọ náà bó ṣe ń fẹ̀, ó já a gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ní "owó á bá wa níbẹ̀." Ọmọ náà yè, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin lórí ọ́síjìn. Ọlọ́run ṣeun, nọ́ọ̀sì ṣeun. Ṣùgbọ́n ṣé orí nọ́ọ̀sì tó ṣẹlẹ̀ pé ó ń kọjá ló yẹ ká gbé ẹ̀mí ọmọ lé?

18/ Òfin wà o. National Health Act, 2014, abala 20: ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá rú u, owó ìtanràn ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sọ pé "àyàfi bí àláàtì ò bá wọlé." Mo sì bi yín: ta lẹ ti gbọ́ rí pé ó lọ sẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀ ní àdúgbò yín?

19/ "Ta ló máa wá sanwó? Àwọn aláìsàn máa ń sá lọ." Mo gbọ́, irọ́ kọ́ ni. Ọsibítù ń ra gáàsì ọ́síjìn, ó ń ra dísù, ó ń sanwó oṣù. Àmọ́ òfin yẹn kan náà ti ronú sí i. Ó dá àpò owó ìlera ìpìlẹ̀ sílẹ̀, tí ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé sápò ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ máa bọ́ sí, ó sì ya ìdá márùn-ún nínú àpò náà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Torí náà, bí owó kò bá dé ọ̀dọ̀ yín, ìjọba ni kí ẹ dojú kọ. Ẹ má fi ọmọ ọdún méjì ṣe ìdúró fún gbèsè ìjọba.

20/ Mi ò sì ní kí wọ́n wo gbogbo èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìtọ́jú ló yẹ kó ṣáájú, owó á tẹ̀ lé e. Ìlànà WHO fún ọmọdé lọ́sibítù, tí wọ́n ń pè ní ETAT, pín àwọn ọmọ tó bá wọlé sọ́nà mẹ́ta: èyí tí a gbọ́dọ̀ dá lóhùn lójú ẹsẹ̀, èyí tó gbọ́dọ̀ wà níwájú ìlà, àtèyí tó lè dúró. Ṣé ọmọ yìí ń mí dáadáa? Ṣé ọwọ́ rẹ̀ tutù, tí ẹ̀jẹ̀ ò lọ káàkiri ara? Ṣé ó ti dákú, tàbí gìrì ń mú un? Ṣé ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ? Ìṣẹ́jú mélòó kan ti tó láti wò ó.

21/ Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ìlànà yẹn rèé: kì í ṣe dọ́kítà nìkan ló lè kọ́ ọ. Máìgáàdì lè kọ́ bí a ṣe ń dá ọmọ tó ń kú mọ̀. Ẹni tó ń kọ káàdì lè kọ́ ọ. Ẹni tó ń gbálẹ̀ lè kọ́ ọ. Ìyẹn ni pé ẹni àkọ́kọ́ tó bá rí ọmọ náà ní géètì lè kígbe "pàjáwìrì!" kí ọ̀nà sì là. Lọ́dọ̀ wa, kí ni máìgáàdì ń sọ? "Ẹ pááàkì mọ́tò yín dáadáa." Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́sibítù, àgbà pọ̀ lọ́jà, gbogbo wọn ń wo rìsíìtì.

22/ Ẹ̀yin tí ẹ máa sọ pé "òbí ló jẹ̀bi, kí ló dé tí kò gbé kẹrosíìnì sókè?" Ó dáa. Ẹ̀yin ẹ ní kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, ibo ló jẹ́ òkè níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ sì ni ìbáwí ń pa ọmọ. Ìyá tí wọ́n bú lọ́jọ́sí á pa á mọ́ra lọ́la, á ní "ó kàn ń wúkọ́ ni," dọ́kítà á wá máa wá ibà kiri. Ẹ jẹ́ kí ìyá sọ òótọ́ láìbẹ̀rù: kí ni ọmọ mu, báwo ló ṣe pọ̀ tó, nígbà wo, kí lẹ ti fún un. Kódà bó jẹ́ àgbo. Kódà bó jẹ́ epo.

23/ Ẹ má sọ fún mi pé àwọn èèyàn wa ò lè yí padà. Láyé Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dọ́kítà àwọn ọmọdé tó ṣe mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, àwọn ìyá kọ́ bí wọ́n ṣe ń po omi, iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ìyá tí kò kàwé mọ̀ ọ́n. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún un, wọn ò kàn bú u nítorí ohun tó ń ṣe. Bí a ṣe kọ́ ìyẹn la ṣe lè kọ́ èyí: má mú un bì, má fún un ní epo, gbé e lọ.

24/ Ohun tí mò ń béèrè rèé.
Lọ́wọ́ ẹni tó ń ta kẹrosíìnì: má ta á sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò mọ́. Kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí líle ni kí oníbàárà gbé wá.
Lọ́wọ́ ọsibítù: ẹ kọ abala 20 sára ògiri kaṣíà, gàdàgbà, lédè Yorùbá. Ẹ kọ́ máìgáàdì yín.
Lọ́wọ́ ìjọba: owó pàjáwìrì yẹn, ẹ jẹ́ kó dé ibi tí ọmọ wà.
Lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí: ẹ wo abẹ́ sítóòfù yín lálẹ́ òní. Lálẹ́ òní o, kì í ṣe lọ́la.

25/ Ẹ fi 6 àti 11 ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí yín lórí WhatsApp, níbi tí bùọ̀dá àti àǹtí yín ti ń fi àwòrán "ẹ káàárọ̀" ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ní epo pupa ṣiṣẹ́ fún àwọn, ẹ fi 5 dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bí kaṣíà bá ní ẹ jókòó nígbà tí ọmọ ń kú lọ, ẹ má jókòó. Ẹ pe abala 20 sókè kí gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́.